Ìrìn Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá sí Etí Òkun

Bí ènìyàn bá ń wá ilé ìtura sí agbègbè Lẹ́kkí ní Èkó, gbólóhùn kan wà tí kò lè ṣàì bá pàdé: ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré sí etí òkun. Ó wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ àwòrán ibùsùn tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé, ọmọ iṣẹ́ tó bá sì gbé fóònù á ti sọ ọ́ kí ó tó dárúkọ owó. Àwọn ilé ìtura ńláńlá tó ní iyanrìn tiwọn kò nílò rẹ̀, nítorí òkun ń wọlé tọ àlejò wọn wá láti ojú fèrèsé. Àwọn ilé àlejò kéékèèké tó fara pamọ́ sẹ́yìn ọjà kò lè sọ ọ́. Àwọn agbedeméjì ló ni ín: ilé alájà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, odò ìwẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn, ẹ̀rọ amúnáwá kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju odò ìwẹ̀ náà lọ. Yàrá pọ̀ ní Èkó. Ìtòsí òkun ni wọ́n fi ń gbówó lórí tiwọn, òkun ọ̀hún kò sì sí ní ìkáwọ́ wọn.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ bíbí Ẹ̀júkù ní ilẹ̀ Yàgbà, wọ ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ fún òru méjì. Ọmọ ọdún 71 ni. Ó ti fi ọdún 35 kọ́ àwọn ọmọdé ní orúkọ àwọn òkun ńlá tó wà láyé, ó ti ya àwòrán etíkun ilẹ̀ Áfíríkà sára pátákó ìkọ̀wé láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n kò fi ojú ara rẹ̀ kan òkun kankan rí. Ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ló rí i. Ọkọ náà ṣiṣẹ́ ní Èkó fún ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé kí ó tó padà sílé, ìròyìn Bar Beach kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi jáde láyé. Àbíkẹ́yìn wọn, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ló pinnu pé kí ìyá òun tó dàgbà kọjá ẹni tó ń rìnrìn àjò, yóò fojú rí ohun tí bàbá òun ń ròyìn.

Ẹ̀júkù wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Yàgbà Ìlà-Oòrùn ní ìpínlẹ̀ Kogí, Ìsánlú sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ilẹ̀ àpáta ni, ilẹ̀ iṣu àti kajú, ó sì jìnnà sí omi oníyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ibẹ̀ fi kú láìtọ́ ọ wò. Síbẹ̀, ẹni tó bá rí orúkọ wọn lórí ìwé láìsí àmì ohùn á rò pé ọmọ etí omi ni wọ́n. Àwọn ará Yàgbà, Owé, Búnú, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ sí ọmọ Okun, láti inú ìkíni tí wọ́n fi ń kí ara wọn: “Okun o.” Agbára ni ọ̀rọ̀ náà dúró fún, irú èyí tí Yorùbá ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá ní okun inú la fi ń gbé tìta. Ohùn nìkan ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára òkun tí ìgbì rẹ̀ ń lu èbúté.

Ìyá kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní, “Ṣé o kò nílé ní Èkó ni, tí n ó fi sanwó kí n tó rí ibi sùn?” Ọmọ náà nílé lóòótọ́: yàrá kan àti pálọ̀ ní Ìyànà-Ìpájà, níbi tí òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta ti ń gbé. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé Lẹ́kkí, lọ àti bọ̀, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, odindi ọjọ́ kan ló lè gbà, orúnkún ìyá kò sì gba irú rẹ̀ mọ́. Ohun tó ń dùn ún gan-an kọjá ọ̀rọ̀ owó. Ní Ẹ̀júkù, ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn wọlé dé, omi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún un. Ó di ìgbà tó bá mu ún tán kí wọ́n tó béèrè ohun tó bá wá. Àwọn ilé ìtura tó wà ní Kábbà àti Lọ́kọ́ja, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn olóṣèlú àti àwọn tó wá síbi ìnáwó ló máa ń sùn síbẹ̀. Kí ènìyàn lọ sanwó sùn nítorí kí ó lè wo omi, ìyẹn ṣàjèjì sí i. Ó gbà nígbà tí ọmọ rẹ̀ rán an létí bàbá.

Ó gbéra ní ìdájí, nítorí láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti sọ àwọn ọ̀nà ilẹ̀ Okun di ibi ìbẹ̀rù, kò sí ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun nínú ọkọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tó ti sùn ní ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ni wọ́n jọ dé ilé ìtura náà. Ọmọbìnrin kan wà nídìí káńtà. Bí ìṣe ilé, ìyá ló kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ ọn: “Okun o, ọmọ mi.”

Ọmọbìnrin náà na ọwọ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn. “Òkun wà lápá ibẹ̀ yẹn, Mọ́mì. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ti owó, mà.”

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìwé owó. ₦60,000 ni yàrá fún òru kan. Ìlà méjì ló tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, bó ṣe máa ń hàn lórí ọ̀pọ̀ ìwé owó ilé ìtura ní Èkó: ìdá 5 nínú 100 fún ìjọba ìpínlẹ̀, lábẹ́ òfin ọdún 2009 tó dá owó-orí sílẹ̀ lórí ibùsùn àti oúnjẹ; ìdá 7.5 nínú 100 fún ìjọba àpapọ̀, owó-orí ọjà tí wọ́n gbé sókè láti ìdá 5 ní oṣù kejì ọdún 2020. Òru kan di ₦67,500. Wọ́n tún gba owó ìdógò ₦20,000, tí wọn yóò dá padà bí ohunkóhun kò bá bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n dé yàrá, ìgò omi méjì wà lórí tábìlì, wọ́n kọ “ọ̀fẹ́” sí i lára. Inú ìyá dùn sí i ju bí ọmọ rẹ̀ ṣe rò lọ. Ó béèrè bóyá ẹni tó gbé e síbẹ̀ mọ̀ pé òun ni òun ń bọ̀.

Nípa yàrá, ìròyìn kò pọ̀. Ó mọ́. Ibùsùn rẹ̀ fẹ̀. Ojú fèrèsé kọ sí ògiri ilé kejì, tí wọn kò tíì rẹ́, èyí tí àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì fọgbọ́n gbójú fò. Omi ẹ̀rọ ní àwọ̀ díẹ̀, ó sì ní adùn irin lẹ́nu, bí omi inú ilẹ̀ ṣe máa ń rí ní apá Lẹ́kkí tí òkun àti ọ̀sà ká mọ́. Iyọ̀ tí atẹ́gùn òkun ń gbé kiri ti jẹ irin ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlétutù, débi pé ó ń ké bí ọlọ ata. Ọ̀rọ̀ iná ni àlejò ilé ìtura agbedeméjì gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa kí ó tó sanwó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní ìsọ̀rí A láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún ìwọ̀n kílówáàtì kan fún wákàtí kan, pẹ̀lú ìlérí wákàtí 20 lójúmọ́. Wákàtí mẹ́rin tó ṣẹ́ kù wà lọ́rùn epo dísẹ́ẹ̀lì, ilé ìtura kọ̀ọ̀kan ló sì ń yan ìgbà tí yóò tan ẹ̀rọ àti ìgbà tí yóò fi àlejò sílẹ̀ nínú ooru. Ibi tí ìyá sùn sí, aago méjì òru ni wọ́n tan tiwọn. Kò jí i. Orin láti àwọn ilé fàájì etíkun kò tíì jẹ́ kí ó sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tẹ́ ibùsùn náà fúnra rẹ̀, ó ká aṣọ ìnura, ó sì fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ ìdí ibùsùn kí ọmọ tó ń tún yàrá ṣe má baà bá a ní wúruwùru. Ọmọ rẹ̀ ní, “Ẹ ti sanwó fún ìyẹn, mà.” Ó dáhùn pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń san owó ìyẹn. Oúnjẹ òwúrọ̀ wà nínú owó yàrá: búrẹ́dì, ẹyin dídín, iṣu sísè díẹ̀. Ó yẹ iṣu náà wò lójú àgbẹ̀, ó ní òun àti òun jọ ti ọ̀nà jíjìn wá ni, àti pé ó rẹ iṣu náà ju òun lọ.

Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá gba ìṣẹ́jú 30. Ọ̀nà tó lọ tààrà gba inú ọgbà ilé àwọn olówó kan kọjá, ẹ̀ṣọ́ sì dúró síbẹ̀ tó ní àlejò ilé ìtura kì í gba ibẹ̀. Wọ́n pẹ́ kọrọ̀ gba ojú títì tó gún régé sí ẹnubodè etíkun, níbi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti ń pe èrò bí ẹni ń pe ọkọ̀ ní gáréèjì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti san owó ìwọlé. Lẹ́yìn ẹnubodè, wọ́n san owó àga àti agboòrùn. Ẹni tó ni ẹṣin ń béèrè tirẹ̀, oníyàwòrán ń béèrè tirẹ̀. Ẹni tó ti san owó-orí méjì lórí ìtòsí òkun ti sanwó ìgbà mẹ́rin kí ó tó fi ojú kan ìgbì. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ilé ìtura nìkan, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn owó náà lórí pátákó wọn.

Ariwo òkun ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, kí ó tó rí omi. Ó ní ó dà bí ìgbà tí òjò ńlá ń bọ̀ láti orí òkè, tí kò sì dé. Nígbà tí ó rí i tán, ó dúró ṣinṣin níbi tí iyanrìn gbígbẹ ti parí, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbẹ̀yìn ó béèrè ohun tí olùkọ́ máa ń béèrè: “Níbo ni ó ti tán?” Ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé bí ènìyàn bá kọ ojú sí gúúsù tààrà láti ibẹ̀, kò ní kan ilẹ̀ kankan títí yóò fi dé ilẹ̀ yìnyín ìsàlẹ̀ ayé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ fún ọdún 35.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń lúwẹ̀ẹ́ níbi tí omi ti parọ́rọ́ láàárín ìgbì méjì. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ omi fọn fèrè, ó ń pè wọ́n jáde, ó sì ṣàlàyé fún ìyá ohun tó yẹ kí gbogbo àlejò mọ̀. Ìgbì ń rọ́ omi wá sí èbúté. Omi náà gbọ́dọ̀ padà, ọ̀nà tóóró kan ló sì máa ń là fún ara rẹ̀ padà sí ibú. Lójú ọ̀nà yẹn, ìgbì kì í fọ́, nítorí náà ó máa ń dà bí ibi tó rọ̀ jù láti wọ̀. Ẹni tí omi bá gbé níbẹ̀, tó sì ń bá a jà láti padà tààrà sí iyanrìn, àárẹ̀ ni yóò pa á. Ẹni tó bá lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, tó tẹ̀ lé gígùn etíkun, kì í pẹ́ bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ni. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ilé ìtura náà, ìwé kan wà tó ka ìtanràn aṣọ ìnura tó sọnù, ti káàdì ìṣílẹ̀kùn tó sọnù, ti sìgá mímu àti ti àlejò tí kò forúkọ sílẹ̀. Wọn kò kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ nípa bí òkun tí wọ́n fi ń pe èrò ṣe ń gbé ènìyàn lọ.

Ní ọ̀sán, ìyá ní kí wọ́n mú òun lọ sí Bar Beach.

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ gùn. Ẹni tó bá dàgbà láti mọ Èkó ní ọdún 1971 á rántí bí wọ́n ṣe yìnbọn pa àwọn adigunjalè níbẹ̀ lójú èrò rẹpẹtẹ, Ìṣọ̀lá Oyènúsì wà lára wọn. Ọkọ ìyá kì í sọ tìyẹn. Ti ọjọ́ Àìkú ni ó máa ń sọ: àwọn aláṣọ funfun tó ń gbàdúrà lórí iyanrìn láti òwúrọ̀, àwọn tó ń ta àgbọn, àwọn ìdílé tó wọ danfó wá láti Mushin àti Sùúrùlérè pẹ̀lú oúnjẹ nínú abọ́, tí ẹnikẹ́ni kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń wo òkun yẹn, òkun ti ń jẹ etíkun náà lọ. Láàárín ọdún 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn mọ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ ọ̀sà Èkó, kí iyanrìn má baà dí i. Lẹ́bàá etíkun Èkó, omi ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn láìsinmi. Ògiri dá a dúró. Apá ìwọ̀-oòrùn ń fẹ̀ sí i. Apá ìlà-oòrùn, níbi tí Bar Beach wà, kò rí iyanrìn gbà mọ́, títí etíkun ibẹ̀ fi sún sẹ́yìn ju kìlómítà kan lọ. Ìjọba kan lẹ́yìn òmíràn da iyanrìn síbẹ̀, òkun sì ń kó o.

Èyí tó parí rẹ̀ ni Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òkun, kìlómítà onígun mẹ́rin 10, pẹ̀lú ògiri ìdáàbòbò tí wọ́n ṣètò pé yóò gùn tó kìlómítà 8.5. Ní oṣù kejì ọdún 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan àti Bill Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, wá ṣí ilẹ̀ náà. Oṣù díẹ̀ ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ti ru sókè ní etíkun Kuramo tó wà nítòsí, ó sì gbé àwọn ènìyàn lọ lójú oorun nínú àwọn ahéré wọn. Awakọ̀ tó gbé ìyá lọ síbẹ̀ dúró lẹ́bàá títì. Ó rí ilé gíga, ó rí ẹnubodè, ó rí ojú ọ̀nà tó gbòòrò tí ọkọ̀ kò pọ̀ lórí rẹ̀. Ó béèrè apá ibi tí iyanrìn wà. Awakọ̀ náà ní, “Ẹ̀yin náà ni ẹ wà lórí ẹ̀ yìí, Màmá.” Ibi tí ọkọ rẹ̀ ti dúró rí ti di abẹ́ ilé.

A kò lè sọ pé ibi ni ògiri náà. Ó dá Victoria Island dúró, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sùn láìbẹ̀rù. Ohun tó yẹ kí ó múni ronú ni ohun tó sọnù tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé ìṣirò: etíkun ọ̀fẹ́ tí ọmọ Mushin lè dé. Wọn kò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Gbogbo àwọn tó dìde lẹ́yìn rẹ̀ ló ní ẹnubodè, yálà ti ìdílé ọba ni, tàbí ti ilé iṣẹ́ aládàáni. Àwọn tó ń jẹun lórí iyanrìn ń sá láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Obìnrin tó yan ẹja fún ìyá ní alẹ́ ọjọ́ náà ní òun wà ní Kuramo títí di ọdún 2012, òun wà ní apá Oníru títí di ọdún 2024, ibí ni òun wà báyìí, òun sì ń san owó ilẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní ẹja kan náà ni, mà, iná kan náà ni.

Ọdún 2024 tí ó ń sọ ni ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ títì etíkun láti Èkó dé Kàlàbá, títì tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 700. Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n wó àwọn ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó wà ní etíkun Landmark láti lè rí ààyè fún un. David Umahi, mínísítà tó ń bójú tó iṣẹ́, sọ ní gbangba pé ilẹ̀ tó wọ mítà 250 láti etí omi, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Àwọn ará Okun-Àjá náà fi ẹ̀hónú hàn nípa ibi tí títì yóò gbà. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kìíní ọdún 2020, ológun ojú omi ti lé àwọn tó ń gbé Tarkwa Bay kúrò nílé wọn, etíkun tí ògiri òkúta àwọn òyìnbó ṣíji bò, tí ìgbì rẹ̀ fi rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ìgbì níbẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ìbéèrè tó ń lọ láti ilé ẹjọ́ dé orí rédíò ni ta ló ni ilẹ̀. Ìbéèrè ìyá kan tó ti Ẹ̀júkù wá, tó kàn fẹ́ dúró síwájú òkun, kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni: ọ̀nà wo ni mo lè gbà débẹ̀?

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti dáhùn rẹ̀, bóyá fún rere tàbí fún búburú. Òfin kan tí Brasil ṣe ní ọdún 1988 sọ pé etíkun jẹ́ ohun ìní gbogbo ènìyàn, àti pé àyè gbọ́dọ̀ wà fún ẹnikẹ́ni láti dé ibẹ̀ àti inú omi. Ìdí nìyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fi lè kó òdòdó lọ fún Yemọja ní Salvador ní gbogbo ọjọ́ kejì oṣù kejì, láìsí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ní Jàmáíkà, òfin ọdún 1956 kò fún ará ìlú ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ erékùṣù náà sì ń bá a fà á títí di òní, nítorí ọ̀pọ̀ ibi tó dára jù ni ilé ìtura ti sé mọ́. Ní tiwa, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti dájọ́ ní oṣù keje ọdún 2013 pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ilé ìtura àti ìgbafẹ́ ní agbègbè rẹ̀. Ìjọba tó lè ka àwo oúnjẹ kọ̀ọ̀kan kí ó tó gba ìdá 5 rẹ̀ kò lè sọ pé agbára òun kò ká kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣí sílẹ̀ láàárín ilé méjì dé etí omi.

Ní alẹ́ kejì, ooru mú, wọ́n jókòó sẹ́yìn ilé ìtura lẹ́bàá odò ìwẹ̀. Ọmọ náà ní bóyá Lọ́kọ́ja ni ì bá ti sún mọ́ wọn, níbi tí odò Ọya àti Bénúè ti pàdé, tí ilé ìtura kan sì wà létí odò tí wọ́n ń pè ní Confluence Beach Hotel. Ìyá mọ̀ ọ́n. Ó ní iyanrìn rẹ̀ dára, omi rẹ̀ kò sì níyọ̀, ṣùgbọ́n omi tó kún Lọ́kọ́ja ní ọdún 2012, tó tún padà wá ní ọdún 2022, tó gé ojú ọ̀nà Àbújá, fi han ènìyàn pé kò sí etí omi kan tó jẹ́ ti ẹni tó kọ́lé síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ kò retí. Ó ní òjò tó ń rọ̀ sórí àpáta ilẹ̀ Yàgbà ń ṣàn wọ odò Kampe, Kampe ń wọ Ọya, Ọya ń kọjá Lọ́kọ́ja lọ sínú òkun. Nítorí náà, omi Ẹ̀júkù ti ń dé ibẹ̀ tipẹ́ kí òun tó dé. Kò sì sanwó ẹnubodè.

Ní ọjọ́ kẹta, kí aago méjìlá tó lù, wọ́n dá káàdì padà. Ọmọbìnrin ìdí káńtà yẹ̀ wọ́n wò lórí kọ̀ǹpútà, ó ní ₦5,000 yóò kúrò nínú owó ìdógò, nítorí iyanrìn wà lára aṣọ ìnura kan. Ọmọ ìyá ti fẹ́ gbaná jẹ. Ìyá gbé ọwọ́ lé e lápá.

“Ọmọ mi,” ni ó wí fún ọmọbìnrin náà, pẹ̀lú ohùn tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀júkù ṣì mọ̀, “ẹ kọ ọ́ síta pé etí òkun ni ẹ wà. Kí ni ẹ rò pé a máa rí mú bọ̀ láti ibẹ̀?”

Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀yìn, ó rí i pé ọ̀gá kò sí nítòsí, ó sì san ₦20,000 náà pé. Ó sìn wọ́n dé ibi ọkọ̀. “Okun o, Mọ́mì,” ni ó wí, ohùn náà kò sì gún rárá. Òkun oníyọ̀ ni ó pè.

Ìgò omi òkun kan bá ìyá dé Ẹ̀júkù. Àwọn kan bu díẹ̀ fún àdúrà, àwọn ọmọdé tọ́ ọ wò, wọ́n sì tutọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ kan, tó ti di bàbá ọmọ báyìí, béèrè ibi tí wọ́n wọ̀ sí, kí òun náà lè mú ìdílé òun lọ ní oṣù Ọ̀pẹ. Ó júwe ilé náà fún un, ó sọ iye owó rẹ̀, ó sọ ti iná àti ti aṣọ ìnura, ó sì fi ẹsẹ̀ ya bí omi ṣe ń gbé ènìyàn lọ sórí ilẹ̀ fún un. Ó ní ṣùgbọ́n kí ó tó sanwó, kí ó pe wọ́n lórí fóònù, kí ó béèrè bóyá etíkun náà ṣì wà níbẹ̀, àti ẹni tó ń gbowó lẹ́nubodè lọ́dún yìí.